Fífá bíróǹsì líle lórí léètì kékeré: kí túùlù jẹ ẹ́, kó má lá a

Létí ọ̀sà Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn, páyílódà kì í fi bẹ́ẹ̀ sinmi. Àárọ̀ dalẹ́ ló fi ń bu yanrìn sínú típà. Yanrìn náà àti omi ń wọ ìdí apá rẹ̀, níbi tí pín, ọ̀pá irin tó so apá náà mọ́ra, ti ń yí nínú búùṣì, òrùka bíróǹsì tó yí i ká. Tó bá yá, búùṣì á jẹ, pín á máa mì nínú ihò, ẹni tó ni ẹ̀rọ á sì máa wá ẹni tó máa ṣe òmíràn fún un. Léètì ńlá, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí túùlù lè fá a, pọ̀ ní àgbègbè ilé iṣẹ́ Odógùnyán, àmọ́ irú iṣẹ́ yìí kò fi dandan nílò wọn. Léètì orí tábìlì tí mọ́tò rẹ̀ kò ju 550W tàbí 750W lọ lè fá bíróǹsì líle, kó sì dán gbinrin.

Ìbẹ̀rù ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á rí i pé ohun náà le, wọ́n á wá máa fi túùlù kàn án jẹ́jẹ́jẹ́. Bíróǹsì líle fẹ́ túùlù tó ń jẹ, kò fẹ́ èyí tó ń lá. Bí túùlù bá ń lá a, ojú ibẹ̀ á le sí i, ẹnu túùlù á kú, ooru á gbà á, ihò á sì fún mọ́ dírílì. Gbogbo ohun tí ẹ máa kà nísàlẹ̀ yìí, ọ̀nà àtimú kí túùlù jẹ ni.

Àpẹẹrẹ tí a máa tẹ̀ lé ni búùṣì kan fún pín 40mm. Ihò tó máa wọ̀ jẹ́ 50mm, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 50mm. Ọ̀pá bíróǹsì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 55mm la fẹ́ fi ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Níbi tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù, bí irú Ọ̀wọ̀dè Onírin lójú ọ̀nà Ìkòròdú, idẹ ni wọ́n sáábà ń pe gbogbo irin tó bá ti pọ́n. Ẹni tó fẹ́ fá a kò gbọdọ̀ gbà bẹ́ẹ̀ kó máa lọ, torí bí a ṣe ń pọ́n túùlù fún ọ̀kan kọ́ la ṣe ń pọ́n ọn fún èkejì.

Bíróǹsì olójèé ni ìkíní. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni SAE 660: nínú ọgọ́rùn-ún, bàbà kó 83, tánńganran 7, òjé 7, síǹkì 3. Ó rọ̀, èérún rẹ̀ ń fọ́ wẹ́wẹ́, kò sì ń yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìkejì ni phosphor bronze, bàbà àti tánńganran pẹ̀lú phosphorus díẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ fà sí pupa, ó sì yi. Ìkẹta, tí iṣẹ́ wa dá lé, ni bíróǹsì alumíníọ̀mù. Èyí tí wọ́n ń pè ní C954 ní bàbà bíi 85, alumíníọ̀mù 11 àti irin 4 nínú ọgọ́rùn-ún. C955 tún ní níkẹ̀lì nínú. Àwọ̀ wúrà ló ní, kò sì rọrùn láti ya. Bí wọ́n bá dà á sínú máàdì, èèpo tó wà lára rẹ̀ le gan-an, ó sì máa ń jẹ ẹnu túùlù.

Àwọ̀ nìkan lè tan èèyàn jẹ. Ìwọ̀n ló ń tú àṣírí wọn. Bíróǹsì alumíníọ̀mù fúyẹ́ ju àwọn yòókù lọ: sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan rẹ̀ wọn nǹkan bí gíráàmù 7.5, bíróǹsì oní-tánńganran sì tó 8.8. Bí ẹ bá ní gígé kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 50mm, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 40mm, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n oníbátìrì tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun. Bó bá jẹ́ nǹkan bí 585g, alumíníọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ nǹkan bí 690g, tánńganran ni. Bí gígé náà kò bá rí róbótó, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ wá rì í sínú omi nínú ife tó ní ìlà, kí ẹ wo iye mílílítà tí omi fi gòkè, kí ẹ sì fi pín gíráàmù náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú òòfà alágbára, irú èyí tó máa ń wà nínú hard disk kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́, kí ẹ fi okùn so ó rọ̀. Nítorí irin tó wà nínú bíróǹsì alumíníọ̀mù, òòfà náà lè fà mọ́ ọn díẹ̀. Kò ní fà mọ́ phosphor bronze rárá.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò ní fi ṣeré. Bàbà tí wọ́n pò mọ́ beryllium wà láàárín irin àlòkù, pàápàá lára àwọn irinṣẹ́ tí kì í ta iná tí wọ́n ń lò nídìí epo àti gáàsì. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àìsàn náà kò sì ṣeé wò tán. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí bàbà kan ti wá, ẹ má fi ẹ̀rọ ìpọ́n lọ̀ ọ́, ẹ má sì fi yangí (sandpaper) ha á. Ẹ fi í sílẹ̀. Ní ti bíróǹsì olójèé, ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó fi kan oúnjẹ tàbí ọmọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èyí tó le jù ló dára jù níbi gbogbo. Bíróǹsì alumíníọ̀mù fẹ́ pín tí wọ́n ti fi iná mú le, ó sì fẹ́ gíríìsì lóòrèkóòrè. Bí pín bá rọ̀, búùṣì á jẹ pín, oníbàárà yín á sì padà wá pẹ̀lú ìbínú. Fáìlì ni kí ẹ fi dán pín wò: bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ láìwọlé, ó le tó. Bí fáìlì bá wọlé wẹ́rẹ́, SAE 660 ni kí ẹ lò.

Léètì gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in

Léètì kékeré kò wúwo, torí náà ibi gbogbo tó lè mì ni kí ẹ dí. Ẹ fún àwọn gib (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dín àyè kù) ti cross-slide, ìjókòó tó ń gbé túùlù sún mọ́ iṣẹ́, àti ti compound, ìjókòó kékeré tó wà lórí rẹ̀, títí tí ọwọ́ á fi máa wúwo díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yí wọn. Bí ẹ kò bá nílò compound fún iṣẹ́ ọjọ́ náà, ẹ tì í pa. Túùlù kò gbọdọ̀ yọ síta ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ nínípọn rẹ̀ lọ. Ẹ nu ojú àwọn jaw (eyín) chuck, ohun tó ń di ọ̀pá mú tó sì ń yí i, mọ́, torí èérún kan ṣoṣo tó bá wà lábẹ́ ọ̀pá tó láti jẹ́ kó yí ní wọ́gọwọ̀gọ.

Gíga túùlù ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹ mú rúlà irin pẹlẹbẹ, ẹ fi ṣáàárín ẹnu túùlù àti ara ọ̀pá róbótó, kí ẹ wá fi túùlù tì í jẹ́jẹ́ títí ó fi há. Ẹ wo rúlà láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá dúró ṣánṣán, túùlù wà láàárín gan-an. Bí orí rúlà bá tẹ̀ sọ́dọ̀ yín, túùlù ti lọ sílẹ̀ jù. Bó bá tẹ̀ síwájú, túùlù ti ga jù, ìdí rẹ̀ ló máa kan bíróǹsì kí ẹnu tó kàn án. Lílá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ní àdúgbò tí iná ń lọ sílẹ̀ lọ́sàn-án, mọ́tò máa ń pàdánù agbára láàárín gígé. Chuck á fà, túùlù á dúró sínú bíróǹsì láìjẹ, ojú ibẹ̀ á gan. Bí gílóòbù ilé iṣẹ́ yín bá ti ń ràn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ gígé tó kẹ́yìn. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀, èyí tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti mọ́tò ó kéré tán, nítorí bí mọ́tò ṣe máa ń gbé iná nígbà tó bá ń ṣí. Mo fara mọ́ ríra epo ju kí iṣẹ́ bàjẹ́ lọ.

Ẹ wọ awò tó bo ojú. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí léètì tó ń yí, ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì kó èérún, kì í ṣe ọwọ́. Èérún bíróǹsì alumíníọ̀mù mú, ó sì gbóná.

Túùlù

Ẹ̀kọ́ tí àwọn tọ́nà ti ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ni pé idẹ àti bíróǹsì fẹ́ túùlù tí òkè rẹ̀ pẹlẹbẹ. Òótọ́ ni fún èyí tó lójèé, torí túùlù tí òkè rẹ̀ dà sẹ́yìn lè rì sínú rẹ̀ lójijì. Bíróǹsì alumíníọ̀mù àti phosphor bronze kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí òkè túùlù dà sẹ́yìn ní 5° sí 10°, kí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ sì jẹ́ 8° sí 10° kúrò lára iṣẹ́. Ẹ fi òkúta ìpọ́nbẹ tó kúnná pọ́n ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ ìpọ́n, títí tí ẹ kò fi ní rí ìlà funfun kankan létí rẹ̀ lábẹ́ iná. Ìlà funfun yẹn ni ibi tó ti kú. Imú túùlù kò gbọdọ̀ tóbi: róbótó 0.4mm tó. Imú ńlá máa ń jẹ́ kí léètì kékeré gbọ̀n.

HSS (high-speed steel, irin líle tí wọ́n fi ń ṣe túùlù) lè ṣe iṣẹ́ náà, pàápàá èyí tó ní cobalt, bíi M35 tàbí M42. Bó bá jẹ́ carbide, tó le ju HSS lọ, èyí tí mo fẹ́ràn jù fún léètì kékeré ni insert (ẹnu túùlù kékeré tó ṣeé pààrọ̀) tí wọ́n ṣe fún alumíníọ̀mù, tó ń dán, tí kò sì ní ọ̀dà lára, bíi CCGT060204. Ẹnu rẹ̀ mú bí a ṣe fẹ́. Insert aláwọ̀ wúrà tí wọ́n ṣe fún irin sáábà máa ń ní etí tó ti kú díẹ̀ nítorí ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún, lílá ló sì máa ń lá lórí ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré. Kìkì ohun tí CCGT yẹn kò fẹ́ ni èèpo àti ibi tó fọ́ lára bíróǹsì tí wọ́n dà. Fún ìyẹn, ẹ lo HSS tàbí insert tó nípọn.

Ìyára

Ẹ sọ iye mítà tí ẹ fẹ́ kí ojú iṣẹ́ fi kọjá lẹ́nu túùlù ní ìṣẹ́jú kan di ìlọ́po 318, kí ẹ wá fi ìbú iṣẹ́ ní mílímítà pín in. Ohun tó bá jáde ni iye ìgbà tí chuck máa yí ní ìṣẹ́jú kan. HSS lórí bíróǹsì alumíníọ̀mù fẹ́ nǹkan bí mítà 25. Fún ọ̀pá 55mm wa, ìyẹn jẹ́ 145. Carbide lè gbé mítà 70, ìyẹn 405. Bí léètì yín kò bá lè lọ sílẹ̀ tó 145, ẹ lo carbide.

Ní ti ìrìn túùlù, 0.1mm fún ìyípo kọ̀ọ̀kan ló dára fún gígé àkọ́kọ́. Fún èyí tó kẹ́yìn, ẹ má lọ sílẹ̀ ju 0.05mm lọ. Bí iṣẹ́ bá ń gbọ̀n tó ń dún gìrìgìrì, ọwọ́ wa a máa fẹ́ dín ìrìn túùlù kù. Ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀: ẹ dín ìyára chuck kù, kí ẹ sì jẹ́ kí túùlù rìn sí i. Ẹ má sì dá túùlù dúró lórí iṣẹ́ tó ń yí. Bí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ kọ́kọ́ fa túùlù kúrò.

Soluble oil, òróró tó ń pò mọ́ omi, ni kí ẹ máa bù sí i, lítà òróró kan sí lítà omi 15. Inú omi la ń da òróró sí, kì í ṣe omi sínú òróró, kó lè pò dáadáa. Òróró tó ní sulphur tó lágbára máa ń sọ bàbà di dúdú, ẹ yẹra fún un. Kẹrosíìnì tí àwọn kan ń dà sí i lè gbaná, kò sì sí àǹfààní tó ṣe níbí.

Gígé náà, láti ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ di ọ̀pá mú nínú chuck, kí 60mm yọ síta. Gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì lára búùṣì la máa ṣe nígbà tí ọ̀pá ṣì wà ní ìdìmú kan náà yìí, inú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí àárín wọn lè bára mu. Ògiri búùṣì wa jẹ́ 5mm péré. Bí ẹ bá gé e kúrò kí ẹ tó padà dì í mú láti fá inú rẹ̀, àwọn jaw máa tẹ̀ ẹ́, ihò á sì di onígun mẹ́ta nígbà tí ẹ bá tú u sílẹ̀.

Ẹ fá ojú rẹ̀ kó tẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ abẹ́ èèpo lẹ́ẹ̀kan náà: 1mm sí 1.5mm sínú, kí ẹnu túùlù máa gé bíróǹsì tó mọ́ lábẹ́, kó má máa rìn lórí èèpo fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń yọ 0.2mm lórí èèpo á pọ́n túùlù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ fá ẹ̀yìn dé 51mm, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ná.

Dírílì ló kù. Ẹ fi centre drill sàmì, kí ẹ wá lo 8mm, lẹ́yìn náà 14mm, lẹ́yìn náà 20mm. Dírílì 8mm fẹ́ ìyípo bí 800. 20mm fẹ́ bí 240. Níbí ni bíróǹsì líle ti máa ń dá iṣẹ́ dúró. Bó bá ti ń gbóná, ó ń fún mọ́ dírílì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa kó jẹ, kí ẹ fà á jáde lẹ́yìn mílímítà díẹ̀, ẹ gbọn èérún dànù, ẹ bu soluble oil sí i, ẹ padà wọlé. Bí dírílì bá ń ké fíì, ó ti ń lá nìyẹn. Ẹ yọ ọ́, ẹ pọ́n ọn. Kí ẹ sì ṣọ́ra nígbà tó bá kù díẹ̀ kó yọ lódìkejì, torí ó lè gbá bíróǹsì mú kó sì fa dírílì yọ nínú tailstock, ìdí léètì tó di dírílì mú.

Boring bar, ọ̀pá túùlù tó ń fá inú ihò, ló máa mú ihò náà dé ìwọ̀n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 12mm, àmọ́ gbàrà tí àyè bá ti gbà á, ẹ bọ́ sí 16mm. Gígùn tí 16mm yìí fi yọ síta kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin nínípọn rẹ̀ lọ. Ẹ máa yọ 0.5mm lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà kọ̀ọ̀kan títí tí ihò á fi tó nǹkan bí 39.4mm.

Ẹ dúró kó tutù. Bíróǹsì alumíníọ̀mù máa ń wú bó bá gbóná: ẹ̀yìn tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 50mm, tó bá fi 40°C gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, á fi nǹkan bí 0.03mm tóbi sí i. Ẹ ó wọ̀n ọ́n, ẹ ó rí 50.04, inú yín á dùn. Nígbà tó bá tutù, á di 50.01, búùṣì á sì máa yí nínú ilé rẹ̀. Bí ọwọ́ yín kò bá lè sinmi lórí rẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ẹ má wọ̀n ọ́n.

Ìwọ̀n tí a ń wá nìyí. Ẹ̀yìn búùṣì gbọ́dọ̀ fi 0.04mm tóbi ju ihò 50mm lọ, kó lè há. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wọlé, inú rẹ̀ máa fún pẹ̀lú ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.04mm yẹn. Pín tó ń yí jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹrù wúwo pẹ̀lú gíríìsì sì nílò àyè bí 0.08mm. Torí náà, ẹ̀yìn á jẹ́ 50.04mm, inú á jẹ́ 40.12mm kí a tó tẹ̀ ẹ́ wọlé. Kí ẹ tó gba ìwọ̀n mi gbọ́, ẹ fi ọwọ́ ara yín wọn ihò apá páyílódà náà, torí ihò tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́ kì í sábà jẹ́ 50mm géérégé mọ́.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà bá 40.12 pàdé láìṣèṣì ni pé kí ẹ pín ohun tó kù sí gígé tó dọ́gba. Bí ihò bá wà ní 39.37mm, ó ku 0.75mm. Ẹ gé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 0.25mm kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ 39.60 dípò 39.62, ẹ ti mọ iye tí boring bar yín ń fi tẹ̀. Ẹ gé ìkejì bákan náà, ẹ tún wọ̀n ọ́n, kí ẹ wá fi àṣìṣe náà kún ìkẹta. Nítorí pé gígé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, títẹ̀ boring bar náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n ku 0.02mm sílẹ̀ kí wọ́n wá fi túùlù là á kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, irin rírọ̀ nìyẹn lè ṣiṣẹ́ fún. Lórí bíróǹsì líle, túùlù á kọ̀ láti wọlé, á wá wọlé lójijì, 40.12 á di 40.20.

Vernier (kálípà) kò tó fún inú ihò. Ẹ lo telescopic gauge, ohun ìwọ̀n tó ń nà títí tó fi kan ògiri ihò, pẹ̀lú máíkírómítà. Bí ẹ kò bá ní, ẹ fá irin kan sí 40.12mm gan-an kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi òun dán ihò wò.

Ọ̀nà kan náà ni ẹ máa gbà mú ẹ̀yìn dé 50.04mm. Ẹ gé etí rẹ̀ dà sẹ́yìn díẹ̀ ní iwájú, 1mm ní 15°, kó lè rí ọ̀nà wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi túùlù olórí róbótó gé ọ̀nà gíríìsì yí ká inú rẹ̀ láàárín, 3mm ní fífẹ̀ àti 1mm sínú. Ọ̀nà yìí kò gbọdọ̀ yọ sí etí méjèèjì. Ẹ fi ayùn gé búùṣì kúrò lára ọ̀pá. Túùlù ìgékúrò lórí léètì kékeré kò ní fi bíróǹsì tó nípọn báyìí ṣe yín lóore. Ẹ fi bàbà pẹlẹbẹ bo ojú àwọn jaw, ẹ dì í mú fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fá etí kejì. Ẹ lu ihò gíríìsì 5mm, kí ẹ sì ha gbogbo etí tó mú kúrò.

Títẹ̀ ẹ́ wọlé

Ẹ má fi òòlù lù ú. Ẹ wá ẹni tó ń ta ẹja tútù lọ́jà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín fi búùṣì sínú fírísà mọ́jú, nínú ọ̀rá tó mọ́. Láti 27°C sí 18°C lábẹ́ òdo, búùṣì 50mm á fi nǹkan bí 0.036mm kéré sí i. Ohun tó há yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ẹ nu ihò páyílódà mọ́, ẹ fi bóòtù gígùn kan, nọ́ọ̀tì àti wáṣà ńlá méjì fà á wọlé, kí ihò gíríìsì rẹ̀ kọjú sí ti ara ẹ̀rọ. Ẹ yára, torí kò ní pẹ́ kó gba ooru padà.

Bó bá ti wọlé tí ooru rẹ̀ sì ti bá ti ara ẹ̀rọ dọ́gba, ẹ fi pín dán an wò. Bó bá há, ẹ má fi yangí ha inú rẹ̀: iyanrìn yangí máa rì sínú bíróǹsì, á sì máa jẹ pín láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Reamer (irinṣẹ́ tó ń fẹ ihò díẹ̀díẹ̀) tó ṣeé tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe ni kí ẹ lò, èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣì mú, tí ẹ kò tíì fi gé irin. Ẹ yí i síwájú nìkan, ẹ má dá a padà, kí ẹ sì fi òróró sí i.

Nígbà tí pín bá wọlé tí ọwọ́ sì lè yí i, ẹ fún gíríìsì sínú nípùlù, ẹnu tí gíríìsì ń gbà wọlé, títí tí yóò fi yọ ní etí méjèèjì. Bó bá yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, èérún lè ti dí ibi tí gíríìsì ń gbà kọjá ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ fa pín jáde, ẹ nù ún, kí ẹ sì tún un fún kí ẹ tó jẹ́ kí páyílódà gbé garawa yanrìn kankan.